Ẹ̀gbọ́n Ti Dákẹ́

Àárọ̀ Sátidé ni, nínú gbọ̀ngàn kan tí wọ́n ti kó gbogbo àga rẹ̀ kúrò, tó ku ẹní àti fèrèsé. Àwọn tó wá fi òpin ọ̀sẹ̀ kọ́ bí èèyàn ṣe ń fi ọkàn sí ìsinsìnyí wà lábẹ́ igi níta, wọ́n ń tẹ́tí sí èémí ara wọn. Dírẹ́bà bọ́ọ̀sì kan nìkan ni wọ́n dá padà sínú ilé, nítorí kò jẹ́ kí àwọn yòókù gbọ́ tiwọn. Olùkọ́, obìnrin tó wọ aṣọ funfun, tí ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òwú, jókòó kojú rẹ̀.

OLÙKỌ́: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìkàlẹ̀. Mo fẹ́ ká jọ...

DÍRẸ́BÀ: Ká jọ sọ̀rọ̀. Mo mọ̀.

OLÙKỌ́: Rárá, mo fẹ́ ká jọ...

DÍRẸ́BÀ: Ká jọ jẹun?

OLÙKỌ́: Ká jọ dákẹ́!

DÍRẸ́BÀ: Ẹ ò tètè sọ. Bí ẹ ṣe ń fa ọ̀rọ̀ yẹn, èèyàn á ti dé ibi tó ń lọ kí ẹ tó bọ́ sí jíà kejì.

OLÙKỌ́: (ó fọwọ́ ra ojú) Ẹ̀gbọ́n, kí ló gbé yín wá síbí gan-an?

DÍRẸ́BÀ: Ìyàwó mi ni. Ó ní látọdún tá a ti fẹ́ra, òun ò tíì sọ gbólóhùn kan parí lójú mi. Ẹ gbọ́ irọ́! Kó tó sọ ọ́ tán ni mo ti máa ń mọ ohun tó fẹ́ sọ, mo kàn ń bá a parí ẹ̀ ni. Ìrànlọ́wọ́ ni mò ń ṣe.

OLÙKỌ́: Kí ni wọ́n wá sọ?

DÍRẸ́BÀ: Ó ní tí mo bá dé lọ́la tí etí mi ò tíì là, òun ń lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun. Báàgì ẹ̀ ti wà lẹ́nu ọ̀nà. (Ohùn rẹ̀ wálẹ̀.) Kì í ṣe pé ẹ̀rù ń bà mí o. Àmọ́ báàgì yẹn tóbi.

OLÙKỌ́: A ó gbìyànjú. Ẹ di ojú. Ẹ jẹ́ kí èjìká yín wálẹ̀. Ó yá, ẹ mí.

(Súìtì kan wà lẹ́nu Dírẹ́bà. Ó gbé e mì káló. Ojú rẹ̀ yọ síta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.)

OLÙKỌ́: Yéè! Ẹ̀gbọ́n! Kí ló dé?

DÍRẸ́BÀ: Ẹ ní kí n mì, mo mì í! Ṣé ẹ ò lè jẹ́ kí n kọ́kọ́ fọ́ ọ ni?

OLÙKỌ́: Mí ni mo wí! Ẹ mí! N ò ní kí ẹ mì!

DÍRẸ́BÀ: Ẹ máa sọ ọ́ sókè díẹ̀. Etí òsì mi ti bá ariwo ẹ́ńjìnnì lọ tipẹ́.

OLÙKỌ́: Kò burú. Ẹ mí sínú.

(Dírẹ́bà mí, àyà rẹ̀ wú bíi táyà.)

OLÙKỌ́: Ó dára gan-an! Ó yá, síta.

(Dírẹ́bà dìde, ó forí lé ẹnu ọ̀nà.)

OLÙKỌ́: Ibo lẹ ń lọ?

DÍRẸ́BÀ: Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ ní síta ni?

OLÙKỌ́: Èémí ni kó lọ síta! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. (Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò dé ojú rẹ̀.) Ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè. Ibo lẹ wà báyìí?

DÍRẸ́BÀ: Níwájú yín.

OLÙKỌ́: Rárá o. Ara yín ló wà níwájú mi.

DÍRẸ́BÀ: (ó yí orí wẹ̀yìn kíá) Ará mi? Ta nínú wọn? Àbúrò ìyàwó mi ni, àbí? Mo ti mọ̀ pé wọ́n máa rán an tẹ̀lé mi!

OLÙKỌ́: Ara! Èyí tí ẹ ń fi kànrìnkàn fọ̀!

DÍRẸ́BÀ: Áà, ara tèmi ni. Ọlọ́run ṣeun. Ojú fèrèsé yẹn ni mo ti ń wò pé n ó gbà.

OLÙKỌ́: Ara yín wà níbí, ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n èrò ti pọ̀ jù nínú yín.

DÍRẸ́BÀ: Wọ́n parọ́ mọ́ mi! Iye tí bọ́ọ̀sì mi gbà ni mò ń kó. N kì í fún ẹnikẹ́ni mọ́ ẹ̀gbẹ́ jíà!

OLÙKỌ́: Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Tí èrò bá dé, ẹ má lé e. Ẹ má sì dì í mú. Ẹ kàn máa wò ó kó kọjá.

DÍRẸ́BÀ: Kí n máa wò ó?

OLÙKỌ́: Bẹ́ẹ̀ ni.

DÍRẸ́BÀ: Kó kọjá lọ bá ọkọ̀ ẹlòmíì?

OLÙKỌ́: Kó máa lọ síbi tó bá wù ú.

DÍRẸ́BÀ: Àǹtí, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ta ló rán yín sí mi? Dírẹ́bà tí nọ́ńbà ẹ̀ tẹ̀lé tèmi ní gáréèjì ni, àbí?

OLÙKỌ́: Èrò ọkàn ni mò ń wí!

DÍRẸ́BÀ: Èrò ọ̀kan? Èrò ọ̀kan péré ni n ó fi gbéra? Ta ni yóò máa bá a sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà?

OLÙKỌ́: (ó ti dìde lórí ẹní, aṣọ funfun rẹ̀ há sí abẹ́ ẹsẹ̀) Ohun tí ẹ ń rò! Rò! Nínú orí! Kí lẹ ń rò lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí?

(Dírẹ́bà wo ilẹ̀.)

DÍRẸ́BÀ: Báàgì yẹn.

(Ọkàn Olùkọ́ rọ̀. Ó padà jókòó.)

OLÙKỌ́: Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ dùbúlẹ̀ kí ẹ sinmi. N ò ní kọ́ yín ní nǹkan mìíràn mọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá ti wá sí yín lẹ́nu, ẹ dá a padà.

DÍRẸ́BÀ: Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ pàtàkì ńkọ́?

OLÙKỌ́: Ẹ dá a padà.

DÍRẸ́BÀ: Tí ilé bá ń jó?

OLÙKỌ́: Ẹ dá a...

DÍRẸ́BÀ: Padà. Mo mọ̀.

(Ó dùbúlẹ̀ gbalaja. Eṣinṣin kan bà lé e nímú. Ó la ẹnu, ó rántí, ó pa á dé. Ó mí kanlẹ̀. Ó di ojú. Gbogbo gbọ̀ngàn pa rọ́rọ́. Olùkọ́ dúró, ó ń retí. Ọ̀rọ̀ kankan ò jáde. Inú rẹ̀ dùn débi pé díẹ̀ ló kù kó jó. Ìyàwó Dírẹ́bà ti bẹ̀ ẹ́ pé bí ìyípadà kankan bá dé, kó tètè fi tó òun létí. Ló bá fa fóònù yọ, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó sì ń ka ohun tó ń kọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.)

OLÙKỌ́: "Ìyàwó wa, ẹ ṣeun tí ẹ fi wọ́n lé wa lọ́wọ́. Ojú wa rí màbo láàárọ̀ yìí, ṣùgbọ́n nígbẹ̀yìn, ẹ̀gbọ́n dákẹ́. Wọn ò jẹ̀rora rárá. Wọ́n mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n pa ojú dé. Wọ́n ti bọ́ nínú wàhálà ayé. Ẹ lè wá gbé wọn lọ́la." Ó ti lọ.

(Kò tíì gbé fóònù sílẹ̀ tó fi dún.)

OLÙKỌ́: Ìyàwó wa, ẹ ǹ lẹ́ o! Ṣé ẹ rí... (Ó fò sókè, ó na fóònù jìnnà sí etí. Ẹkún gba gbogbo gbọ̀ngàn.)

DÍRẸ́BÀ: (ojú rẹ̀ ṣì wà ní dídì) Mò ń dá a padà o. Àmọ́ ẹkún yẹn jọ ti ìyàwó mi.

OLÙKỌ́: Ẹ̀gbọ́n, ẹ dìde. Wọ́n ń... wọ́n ń ṣọ̀fọ̀.

DÍRẸ́BÀ: Ta ló kú?

OLÙKỌ́: Ẹ̀yin.

DÍRẸ́BÀ: (ó fọwọ́ kan imú ara rẹ̀) Nígbà wo?

(Olùkọ́ fi ohun tó kọ ránṣẹ́ hàn án. Dírẹ́bà ń kà á, ẹnu rẹ̀ ń mì.)

DÍRẸ́BÀ: "Ẹ̀gbọ́n dákẹ́." "Ẹ lè wá gbé wọn lọ́la." Àǹtí! Èmi tí mo wà láàyè yìí, omi ń bọ́ lójú mi!

OLÙKỌ́: Mo gbé! Ẹ gbà, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀!

DÍRẸ́BÀ: (ó gba fóònù) Ìyá àwọn ọmọ, è...

(Ó dúró. Ó gbé fóònù kúrò ní etí òsì, ó fi í sí ọ̀tún.)

OLÙKỌ́: Ẹ sọ fún wọn!

DÍRẸ́BÀ: Ẹ dákẹ́ ná. Ó ń sọ̀rọ̀.

OLÙKỌ́: Kí ni wọ́n ń sọ?

DÍRẸ́BÀ: (wúyẹ́wúyẹ́) Ó ní n kì í sáré tóun bá wà nínú ọkọ̀. Ó rí i! N ò mọ̀ pé ó rí i!

OLÙKỌ́: Ẹ̀gbọ́n, ẹ bẹ̀rù Ọlọ́run! Obìnrin yìí ń sunkún alààyè!

DÍRẸ́BÀ: Ṣíì! Ó ní òun ò fẹ́ lọ síbì kankan. Aṣọ àtijọ́ ló kún inú báàgì yẹn. Ó ní ohun tóun ń retí ò ju kí n bi òun pé ibo lò ń lọ. (Ó jókòó sílẹ̀.) Ó ní látìgbà tí àbíkẹ́yìn wa ti lọ sílé ọkọ, ilé ti dá páropáro, òun nìkan ń bá ògiri sọ̀rọ̀. Ó ti ń gbìyànjú àtisọ ọ́ fún mi tipẹ́. Á ní, "Baálé mi, ilé yìí ti...", èmi á ní, "Ti ń fẹ́ ọ̀dà tuntun." (Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.) Mo ra ọ̀dà, Àǹtí. Mo kun ilé yẹn, mo tún un kùn, títí ògiri fi ń nípọn.

(Olùkọ́ náà ti ń fi etí aṣọ funfun nu imú. Ó jókòó ti Dírẹ́bà. Ohùn kékeré inú fóònù ń lọ, ó ń bọ̀. Dírẹ́bà ò la ẹnu, kò wúkọ́, kò tilẹ̀ yí orí padà, títí ohùn náà fi sọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ tó sì rẹ̀ ẹ́.)

DÍRẸ́BÀ: (jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́) Ìyàwó mi. Èmi ni. N ò kú. Mo gbọ́ gbogbo ẹ̀ látòkè délẹ̀.

(Ohùn náà fìbínú sọ nǹkan kan, ó sì pa fóònù.)

OLÙKỌ́: Kí ni wọ́n wí?

DÍRẸ́BÀ: Ó ní kí oníjìbìtì tó ń sín ohùn ọkọ òun jẹ lọ wá iṣẹ́ ṣe. Ó ní ká ní ọkọ òun ṣì wà láàyè ni, ibo lòun ì bá ti rí ọ̀rọ̀ sọ tán?