Ẹja Tó Ń Lo Egbòogi

Ẹnu Lágúnjú ló máa ń kó bá a. Adágún ẹja àrọ̀ tó wà lẹ́yìn ilé rẹ̀ ní Ilare ti kún àkúnya, oúnjẹ ẹja sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Bí kò bá tà lónìí, ẹja á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ara wọn. Ọlọ́run bá a ṣe é, Ìyá Sùmáyà tó ń se pẹpẹsúùpù tà ní ìkóríta Mayfair gbé garawa dé, ó lóun fẹ́ kó gbogbo wọn. Kí Lágúnjú dákẹ́, kó ta ẹja, ó tì.

"Màmá, ẹja tèmi yàtọ̀ o. Omi ewúro, aáyù àti dóńgóyárò ni mo fi ń po oúnjẹ wọn."

Ìyá Sùmáyà fa garawa rẹ̀ sẹ́yìn. "Kí ló ń ṣe wọ́n?"

"Kò sí nǹkan kan tó ń ṣe wọ́n."

"Ta ló wá ń mu àgbo láìṣàìsàn?"

Lágúnjú ṣàlàyé títí, pé kí àìsàn má baà wá ni, pé àwọn ọ̀gá ní yunifásítì ló kọ́ àwọn ọlọ́sìn ẹja bẹ́ẹ̀. Màmá ní ìyẹn ni pé àìsàn náà ti ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀. Ó lóun á kúkú lọ ra ti Adéagbo tó ń sin ẹja ládùúgbò kejì.

"Ti Adéagbo kẹ̀? Ojoojúmọ́ ni tiẹ̀ ń kú, Màmá."

"Kí wọ́n kú, ọwọ́ Ọlọ́run nìyẹn. Mi ò ṣáà gbọ́ pé wọ́n ń ṣàìsàn."

Ọ̀rọ̀ náà dun Lágúnjú wọnú egungun. Ó bu omi ewé náà kún ife, ó gbé e mu tán, ó nu ẹnu.

"Ṣé ẹ rí i báyìí? Kò sí ohun tó…"

Inú rẹ̀ kùn. Ó di ṣòkòtò mú, ó ní kí Màmá má lọ o, òun ń bọ̀, ló bá sáré gba ọ̀nà ṣálángá. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó máa fi jáde, ojú rẹ̀ ti wọnú, Màmá sì ti lọ dúró létí adágún, ó ń wo ẹja bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́.

"Lágúnjú ọmọ mi, ife kan ṣoṣo lo mu, o sáré. Àwọn tó ń mu ún láàárọ̀ lálẹ́ yìí, ibo ni wọ́n ń sá lọ?"

Lágúnjú wo omi. Ó wo garawa tó ṣófo lọ́wọ́ Màmá.

"Màmá, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ máa kó wọn lọ. Wọn kì í yàgbẹ́ sínú omi yìí rárá. Ṣe ni wọ́n ń mú un mọ́ra títí wọ́n á fi dé inú ìkòkò yín ní Mayfair."