Ilé Ọrọ̀ ti Láńlọ́ọ̀dù Jẹ́nẹ́rà

Ẹ bá mi kí Josiah. Ẹ má kàn pè é ní Josiah o, bí ẹ bá fẹ́ kó dá yín lóhùn. Láńlọ́ọ̀dù Jẹ́nẹ́rà ni kí ẹ pè é. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ara rẹ̀ joyè náà lọ́jọ́ tó ri ilẹ̀kùn onírin mọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀, torí kò sí ẹlòmíràn ní gbogbo Ẹgbẹ́dá tó rántí láti fi í joyè. Josiah Ajínulé-bí-ẹni-ń-nu-ọmọ. Josiah Abílé-sọ̀rọ̀-kó-tó-kí-ìyàwó.

Yàrá mẹ́fà péré ni ilé náà, kò sì ní àjà kejì, ṣùgbọ́n ẹ kò ní mọ̀ bí ẹ bá ń gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, tíṣà ni mí, yàrá kẹta ni mo háyà. Josiah kun iwájú òrùlé ní ọ̀dà pupa kí àwọn tó ń wọkọ̀ lọ sí Ifẹ̀ lè máa rí i. Apá ẹ̀yìn, tí èrò ọ̀nà kò lè rí, ti dógùn-ún tán, abẹ́ ibẹ̀ gan-an ni orí mi máa ń wà bí mo bá sùn. Mo fi sùn ún lẹ́ẹ̀kan pé òjò ń rọ̀ lé mi lórí. Ó ní òun kò kọ́lé fún ẹ̀yìn, pé iwájú ni èèyàn ń gbà wọlé.

Ó ti ṣe akọ̀wé rí ní kánsù. Nítorí náà, òun ló ń bá àwọn tí kò mọ̀wé ka lẹ́tà ládùúgbò wa. Ká má purọ́ mọ́ ọn, kì í gba nǹkan kan. Ohun tó ń fẹ́ kò ju pé kí ìwọ jókòó sórí àpótí, kí òun jókòó sórí àga, kí o sì máa ṣe "bẹ́ẹ̀ ni, sà" títí òun yóò fi rí awò ojú òun.

Lọ́dún 1991 yẹn, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ní Ìbàdàn ń ṣe eré kan tó gba gbogbo wa lọ́kàn, Àwọn Èrò Òfuurufú. Ní aago mẹ́rin ọ̀sán ọjọ́ Sọ́ńdè, Láyí, Mojí àti ẹnì kẹta wọn á wọ ọkọ̀ onírin kan, wọ́n á fò kọjá òṣùpá, wọ́n á balẹ̀ síbi tí ọmọ aráyé kò dé rí. Ọkọ̀ náà jọ táǹkì omi, ká sòótọ́, ṣùgbọ́n iná ń tàn yẹ́ẹ́ nínú rẹ̀. Ìjọ Kérúbù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa tilẹ̀ ti sún àdúrà aago mẹ́rin sí aago márùn-ún. Wọ́n ní Ẹ̀mí ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ kan ni lẹ́tà dé fún Mùjíbátù. Opó ni, aránṣọ ni, ilé alámọ̀ àtijọ́ tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ní òdìkejì títì ló ń gbé. Òrùlé ilé náà ti di ajere. Bí òjò bá ti ṣú, Mùjíbátù á gbé máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀ sórí, á máa sáré wá ilé tí yóò gbé e sí, torí máṣíìnì yẹn nìkan ló ń bọ́ òun àti ọmọ mẹ́ta. Òjò ọdún sì ti ń bọ̀. Ó mú lẹ́tà náà, ó lọ bá Láńlọ́ọ̀dù Jẹ́nẹ́rà.

Àwọn eléré òfuurufú ló kọ ọ́. Wọ́n ní àwọn rí ilé rẹ̀ nígbà tí àwọn ń kọjá, àwọn sì fẹ́ ya apá kan nínú eré àwọn níbẹ̀, pé gẹ́gẹ́ bí ìmoore, àwọn yóò fi páànù tuntun kan gbogbo òrùlé náà fún un. Orúkọ apá eré ọ̀hún ni ILE ỌRỌ. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyẹn. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí wọ́n lò kò mọ àmì ohùn, báírò ni wọ́n fi kọ àmì sábẹ́ ọ.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀wé, ẹ ti ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń wí ni ọ̀rọ̀ inú igbó, ẹgbẹ́ iwin àti ànjọ̀nú. Ilé tí iwin ti ń dá gbé ni wọ́n ń wá. Ṣùgbọ́n ojú Josiah kò rí ọ̀rọ̀ rárá. Ọrọ̀ ló rí: ọlà, ọlá, ilé olówó. Ohun tó wà nínú èèyàn ni ojú èèyàn ń kà.

Ó rò ó lọ, ó rò ó bọ̀. Ilé Ọrọ̀, nínú ilé alámọ̀ Mùjíbátù kẹ̀? Wọ́n ti ṣi ilé mú nìyẹn, wọn kò tíì rí tòun ni. Ó ká lẹ́tà náà, ó kì í bọ àpò, ó sì sọ fún Mùjíbátù pé wolé-wolé ló kọ ọ́, pé kó gbá àyíká rẹ̀ mọ́ kí wọ́n má baà gbé e lọ sí kóòtù. Mùjíbátù dúpẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Odindi ọjọ́ mẹ́ta ló fi gbálẹ̀, ó gbá tiẹ̀ tán, ó gbá ti aládùúgbò mọ́ ọn. Lásìkò náà, kò sẹ́ni tó mọ̀ nínú wa.

Ní ọjọ́ kejì, Josiah gbé agbádá wọ̀, ó di Ìbàdàn. Ó bá Dàpọ̀, ọ̀gá tó ń darí eré náà, nínú ọ́fíìsì. Ó sọ fún un pé ilé obìnrin yẹn kò ṣeé wọ̀, pé iwin gidi ló ń gbé inú rẹ̀, pé wọ́n a máa gún iyán lóru. Ó rò pé òun ti ba ilé náà jẹ́. Inú Dàpọ̀ dùn débi pé ó béèrè aago tí wọ́n máa ń gún iyán ọ̀hún.

Mojí ló da ọ̀rọ̀ rú. Mojí tó ti bá ẹ̀dá olórí méje sọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n láì ṣẹ́jú mú báàgì rẹ̀, ó dìde. Ó ní ọmọ Aládùúrà lòun, pé eré ni eré ń jẹ́, iwin gidi kò sí nínú àdéhùn òun. Láyí náà tẹ̀ lé e. Dàpọ̀ bá yíjú sí Josiah, ó béèrè bóyá ilé tirẹ̀ ṣeé lò. Ọmọ ìgboro ni Dàpọ̀, kò lè sọ Yorùbá kan délẹ̀ láì fi gẹ̀ẹ́sì bọ̀ ọ́ lẹ́nu, họ́ntẹ́ẹ̀dì haosì, ìyẹn ilé tí iwin ń gbé, ló sì pe ohun tí wọ́n ń wá. Josiah kò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n akọ̀wé kánsù kì í béèrè. Họ́ndírẹ́ẹ̀dì ni etí rẹ̀ gbọ́, ilé kan tó tó ọgọ́rùn-ún ilé.

"Tèmi ju họ́ndírẹ́ẹ̀dì lọ," ló fi dá a lóhùn.

Àfi bó ṣe dé tó pe gbogbo àwa ayálégbé jọ. Ó ní ká kó jáde ní òpin oṣù, pé àwọn mánẹ́jà ni yóò máa gbé Ilé Ọrọ̀, kì í ṣe tíṣà àti nọ́ọ̀sì. Dorothy, nọ́ọ̀sì tó ń gbé yàrá kìíní, ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni. Ó béèrè ibi tí òun yóò gbé ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ nígbà tí òjò ń bọ̀. Josiah ní ọlọ́rọ̀ kì í bi tálákà léèrè ibi tó ń lọ. Inú bí mi, ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ ṣe, èmi tí mo jẹ ẹ́ ní "ẹ kú ilé" ní àràárọ̀.

Ọjọ́ iṣẹ́ ni wọ́n wá ya eré náà, àwa kò sí nílé. Ìyàwó rẹ̀ ló ròyìn fún wa lẹ́yìn náà. Wọ́n fi èédú pa ara ògiri. Josiah fajú ro, wọ́n ní bí kámẹ́rà bá ti wò ó, yóò di góòlù. Wọ́n ta òwú sí gbogbo igun bí ilé aláǹtakùn. Josiah ní òun mọ̀, pé ìkùukùu nìyẹn, ṣebí ará òfuurufú ni wọ́n. Wọ́n gbé àpótí gígùn kan wọlé, gígùn tí èèyàn lè nà sí. Ó wò ó, ó mi orí, ó ní àpótí ìṣúra tó péye ni.

Lẹ́yìn náà ló ní olówó ilé gbọ́dọ̀ hàn nínú eré. Dàpọ̀ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó jìn wọnú, ó wo ọrùn rẹ̀ tó gùn, ó ní Ọlọ́run ti gbọ́ àdúrà òun. Wọ́n ń fi páúdà pa á lójú, ó ní kí wọ́n fi kún un, pé kò sí èèyàn ńlá kan tí wọn kì í pa ní páúdà kó tó dé tẹlifíṣọ̀n. Agolo mẹ́ta ló gbà. Wọ́n ní kó sùn sínú àpótí, kó rọra dìde, kó na ọwọ́ méjèèjì, kó kí àwọn àlejò káàbọ̀, kó sì sọ pé wọn kò ní lọ mọ́. Èyí wọ̀ ọ́ lára púpọ̀. Ta ló dé ilé ọlọ́rọ̀ tó fẹ́ lọ? Ẹ̀ẹ̀kejì tó ṣe é ti tẹ́ Dàpọ̀ lọ́rùn, ṣùgbọ́n kò tẹ́ Josiah. Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ló dìde nínú pósí, ẹ jọ̀ọ́, nínú àpótí ìṣúra.

Sọ́ńdè tí wọ́n fẹ́ fi í hàn pé. Josiah gbé tẹlifíṣọ̀n síta, ó háyà jẹnẹrétọ̀, ó pe tẹrú tọmọ. Àwọn Kérúbù wá pẹ̀lú sùtánà. Mánẹ́jà méjì tó fẹ́ gba yàrá wá. Ó ti bẹ Dàpọ̀ pé kó gbé páànù náà, tó ti di tòun báyìí, wá lọ́jọ́ yẹn gan-an, kí gbogbo èèyàn lè rí i. Dàpọ̀ bá lọ́rì wá, ọkọ̀ náà dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì, páànù ń dán nínú rẹ̀. Mùjíbátù wà lẹ́yìn, ó ń wo páànù, kò wo tẹlifíṣọ̀n.

Eré bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ Láyí kọṣẹ́ lójú sánmà. Ilé dúdú kan yọ, a sì dá ilẹ̀kùn onírin rẹ̀ mọ̀. Ohùn ńlá kan wá pe orúkọ eré: Ilé Ọ̀rọ̀. Dò, dò. Mo bú sẹ́rìn-ín. Josiah bojú wẹ̀yìn, ó sọ fún wa jẹ́jẹ́ pé wọ́n ṣi í pè ni.

Ìdérí àpótí dá ṣí. Josiah dìde, ó funfun bí ẹ̀kọ. A ń rí ògiri gba àyà rẹ̀ kọjá. "Ẹ káàbọ̀ sí ilé mi," ló wí, ohùn rẹ̀ sì ń dún bí ẹni tó wà nínú kànga. "Ẹ kò ní lọ mọ́." Àwọn èrò òfuurufú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, Mojí gbàgbé bàtà. Nígbà tí wọ́n padà dénú ọkọ̀, Láyí ní nínú gbogbo ìràwọ̀ tí òun ti dé, òun kò rí ilé tó burú tó báyìí rí.

A wo Josiah tó wà nínú tẹlifíṣọ̀n, a wo Josiah tó jókòó tì í. Àwọn tó bá a jókòó lórí bẹ́ǹṣì sún. Ìyá kan nínú àwọn Kérúbù bẹ̀rẹ̀ sí lu agogo àdúrà. Àwọn mánẹ́jà méjèèjì ti dé ibùdókọ̀. Dorothy pọn ọmọ rẹ̀, ó wọlé, kò pẹ́ tí máńtírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ fi gba ojú fèrèsé jáde. Èmi náà lọ wá àpótí ìwé mi.

Ọ̀rọ̀ di ẹ̀bẹ̀. Josiah di kẹ́ẹ̀sì Dorothy mú, ó ní kó dúró, kó máa gbé títí ọmọ náà yóò fi gbéyàwó.

"Ẹ ní ká kó jáde, Bàbá," Dorothy dá a lóhùn. "A ti ń kó jáde."

Nígbà tó rí i pé ilé ń ṣófo lọ, ó gun orí bẹ́ǹṣì. Ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, páúdà ni. Kò sí iwin kankan ní Ẹgbẹ́dá. Èyí tí mo ní ó wà nílé Mùjíbátù pàápàá, èmi ni mo dá a sọ."

Dàpọ̀ dìde, ó béèrè ṣé Mùjíbátù tí àwọn kọ lẹ́tà sí tí kò dá àwọn lóhùn ni. Mùjíbátù sọ láti ẹ̀yìn pé tẹlifíṣọ̀n kò kọ lẹ́tà sí òun rí o, pé wolé-wolé ló kọ̀wé, òun sì ti gbálẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Gbogbo ojú wá yí sí akọ̀wé kánsù. Ó ní ìkọ̀wé lẹ́tà náà kò hàn dáadáa. Ẹ̀rín sọ lẹ́ẹ̀kan náà débi pé mo ṣàánú rẹ̀ díẹ̀. Díẹ̀ ni mo wí.

Gẹ̀ẹ́sì tán lẹ́nu Dàpọ̀ lọ́jọ́ náà. "Mùjíbátù ni orúkọ tó wà nínú ìwé wa, òun la ṣèlérí fún," ló sọ fún awakọ̀. "Yí ọkọ̀ padà." Lọ́rì kọjá níwájú Josiah, ó sọdá títì. Mùjíbátù kúnlẹ̀ sí ojú títì, ó ń sunkún, kò rántí pé mọ́tò lè kọjá. Àwa kan gbé e dìde, a sì bá a já páànù rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni òjò dé, òjò àgbà. Mùjíbátù ń wa máṣíìnì rẹ̀ lọ lábẹ́ páànù tuntun, Dorothy àti ọmọ ń gbé yàrá kan lọ́dọ̀ rẹ̀. Lọ́dọ̀ Josiah, ẹ̀yìn òrùlé já wálẹ̀ lódindi. Káfíńtà mẹ́ta kọ̀ láti wá. Ẹ̀kẹrin dé, ṣùgbọ́n kò kọjá ẹnu ilẹ̀kùn onírin. Ó gbé àpò ìṣó sí èjìká, ó dọ̀bálẹ̀ lókèèrè, ó sì wo Láńlọ́ọ̀dù Jẹ́nẹ́rà láti orí dé ẹsẹ̀.

"Bàbá, ẹ má bínú sí mi o," ló wí. "Kí n tó gun òkè, ẹ̀yin alára, ṣé ẹ ṣì wà láàyè?"