Àánú Ò Sí Nínú Ayò

Ní Ìgándò, ilé kan wà tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí àìsàn wọn ò gbóògùn mọ́. Bàbá Adéríbigbé, télọ̀ ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ́rẹ́ lọ, ti lé mẹ́ta nínú àwọn tó ń yọ̀ǹda ara wọn wá bá aláìsàn ṣeré. Ẹni kẹrin rè é o: Hamdalah, onídìrí láti Ìkọ̀tún. Ọpọ́n ayò wà láàárín wọn.

BÀBÁ: Ṣé o ń wá ọkọ ni? Ọmọ mi ti níyàwó o.

HAMDALAH: Ọkọ mi wà nílé, ó ń sùn.

BÀBÁ: Wòlíì ló ní kí o wá fi mí ṣàánú?

HAMDALAH: Mùsùlùmí ni mí, Bàbá. Ẹ ta ayò, jàre.

BÀBÁ: Ẹni mélòó ló ti kú lójú rẹ níbí?

HAMDALAH: Mọ́kànlá.

BÀBÁ (ó fa aṣọ ìbora dé àgbọ̀n): Yéè! Jọ̀ọ́, sún sẹ́yìn díẹ̀.

HAMDALAH: Ṣé èmi ni mo pa wọ́n ni?

BÀBÁ: Kí ló wá ń gbé ọ wá? Tó bá jẹ́ àánú, ẹnu ọ̀nà nìyẹn. Dáníẹ́lì tó wá ṣáájú rẹ mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí n pa òun láyò lẹ́ẹ̀mẹfà. Mi ò tíì kú, wọ́n ti ń ṣe sàráà mi!

HAMDALAH: Ibí ni ìyá mi kú sí. Ẹnì kan tí mi ò mọ̀ rí ló di ọwọ́ wọn mú kí n tó dé. Mo ní kí n wá san oore yẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

BÀBÁ: Ẹ̀ẹ̀kan ló di mọ́kànlá?

HAMDALAH: Ó ń wù mí ni! Ní ṣọ́ọ̀bù, irọ́ ni àwọn oníbàárà ń pa fún mi látàárọ̀. Níbí, kò sẹ́ni tó ráyè irọ́. Tí aláìsàn kan bá kú, mo máa ń sunkún, màá ní mi ò wá mọ́ láé. Tó bá di Ọjọ́bọ̀, ẹsẹ̀ mi á tún gbé mi dé.

(Ó ta ayò. Ó jẹ mẹ́ta, ó tún jẹ méjì. Ilé Bàbá lórí ọpọ́n ṣófo pátápátá.)

HAMDALAH: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, òpè!

BÀBÁ: Kí lo wí?

HAMDALAH: Òpè! Ẹni tí wọ́n bá pa láyò, orúkọ rẹ̀ nìyẹn. Àìsàn ò yọ yín sílẹ̀.

(Bàbá tẹjú mọ́ ọn. Ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín di ikọ́, ikọ́ tún di ẹ̀rín.)

BÀBÁ: Oṣù mẹ́jọ, kò sẹ́ni tó bú mi! Àdúrà ṣá, àdúrà ṣá! O ṣé, ọmọ mi. Ara mi yá gan-an.

HAMDALAH (ó ń gbé báàgì rẹ̀): Kí ẹ sinmi wàyí, Bàbá. Ó di Ọjọ́bọ̀.

BÀBÁ: Ìsinmi bí ti báwo? Jókòó! Bàbá mi tó kọ́ mi láyò ń bẹ lọ́run. Ṣé kí n lọ bá a, kí n ní onídìrí ló pa mí láyò gbẹ̀yìn? Tún un tò!