Apẹ̀rẹ̀ Irin Inú Igbó Bàbá Boaz

Igbó kan wà lẹ́yìn Òkè-Bùkún tí igi rẹ̀ fún pọ̀ débi pé ewúrẹ́ tó bá wọ ibẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ló máa fi rìn jáde. Inú rẹ̀ ni Bólúwadúró, tíṣà eré ìdárayá láti Kabba, ri àwọn apẹ̀rẹ̀ irin rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí nígbà tí Bàbá Boaz, tó ni igbó, lọ kí ọmọ rẹ̀ l'Ábújá. Ìyàwó bàbá ló yọ̀ǹda fún un. Bàbá ti dé wàyí, ó sì ti ṣèlérí àwọn igi náà fún agégẹdú. Bẹ́ẹ̀, ọ̀la gan-an ni àwọn àlejò ń bọ̀ láti Lọ́kọ́ja wá ṣeré níbẹ̀. Tíṣà bẹ bàbá títí tó fi gbà láti wá wo eré náà ná. Tíṣà yìí mọ nǹkan púpọ̀, ìgbà tó yẹ kó dákẹ́ nìkan ni kò mọ̀.

"Okun o, Bàbá. Ẹ kú ìrìn."

"Okun, Tíṣà. Níbo ni pápá náà wà?"

"A ti wà nínú ẹ̀, sà."

Bàbá wo ọ̀tún, ó wo òsì. Igi ló rí.

"Tò," ó sọ.

"Àwo ike rèé. Ibí la máa dúró sí, a ó jù ú, á fò gba àárín igi, á lọ bọ́ sínú apẹ̀rẹ̀ yẹn. Ẹni tí iye ìgbà tó jù ú bá kéré jù ló borí."

"Apẹ̀rẹ̀ wo?"

"Èyí tó ní ṣéènì lọ́hùn-ún yẹn."

Bàbá rí i. Òpó irin ni, ṣéènì rọ̀ yí i ká, àkísà pupa kan wà lórí rẹ̀. Bàbá ṣí fìlà.

"Ààlè ta ni?"

"Kì í ṣe ààlè, sà."

"Irin ni. Inú igbó ló wà. Pupa wà lórí ẹ̀. Tí mo bá rí irú ẹ̀ lẹ́bàá oko ẹlòmíì, mi ò ní já ewé níbẹ̀, ká má tíì sọ iṣu."

"Mo fi pupa yẹn síbẹ̀ kí èèyàn lè rí i láti òkèèrè ni."

"Ìdí tí wọ́n ṣe ń fi pupa sí ààlè náà nìyẹn."

Tíṣà rò ó wò. Bí bàbá yìí bá délé tó ní oògùn ni wọ́n rì mọ́ igbó òun, kùkùté ni àwọn àlejò máa bá lọ́la.

"Bàbá, ọ̀dọ̀ wẹ́dà ni mo ti ṣe é, ní Kabba."

"Kí ni wẹ́dà náà ń ṣe?"

"Ó ń ṣe géètì."

"Géètì náà, kí olè má wọlé ni."

Tíṣà pinnu pé kí bàbá kúkú fojú ara rẹ̀ rí i. Ó di àwo mú, ó tẹ̀ síwájú.

"Ẹ wò ó. Tí mo bá gbé etí ẹ̀ kan sókè báyìí, á yà sósì, á yí igi arère yẹn po."

Ó jù ú. Àwo náà lọ sọ́dọ̀ arère tààrà, ó gbá a, ó fò kọjá orí àwọn méjèèjì, ó bọ́ sẹ́yìn wọn.

"Ó padà wá," Bàbá sọ.

"Igi ló bà, sà."

"Mo rí i. Ààlè yẹn ò tiẹ̀ jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ òun."

"Igi ni, Bàbá."

"Ṣé kí wọ́n gé e kúrò lọ́nà fún ọ?"

"Rárá o, sà. Igi yẹn gan-an ni eré náà. Ilẹ̀ yìí kúrú, igi ló jẹ́ kó gba ọpọlọ. Ìdí tí mo ṣe ń bẹ̀ yín nìyẹn kí ẹ má jẹ́ kí agégẹdú fọwọ́ kàn án."

"Mo gbọ́. Àmọ́ mi ò ní ju àwo sí ààlè."

"Díákónì ni yín, Bàbá. Ṣé ẹ ṣì gba irú nǹkan yẹn gbọ́ ni?"

"Ọ̀rọ̀ ààlè kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó ni nǹkan ló ń sọ pé òun lòun ni ín."

Ọ̀rọ̀ yìí ka Tíṣà lára. Ó lọ bá apẹ̀rẹ̀ náà, ó ki ọwọ́ bọ àárín ṣéènì, ó mì ín jìgìjìgì. Nígbà tí bàbá ò mira, ó ki orí bọ̀ ọ́.

"Ẹ wò mí. Ṣé mo ti wú?"

"Rárá."

"Ṣé mò ń wúkọ́?"

"O ń làágùn."

"Oòrùn ni, sà."

"Oòrùn kì í dé inú igbó yìí."

Tíṣà yọ orí jáde. "Bàbá, mo fi Bíbélì búra. Kì í ṣe ààlè. Kò ní agbára kankan. Ẹni tó bá tiẹ̀ gé gbogbo igi tó yí i ká, nǹkan kan ò ní ṣe é."

"Ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú gbangba."

Bàbá dé fìlà rẹ̀ padà, ó yọ fóònù. Ọkàn Tíṣà balẹ̀. Ó ti yé bàbá.

"Ṣé ẹ fẹ́ yà mí ní fọ́tò ni, sà?"

"Olúbọ̀dé ni mò ń pè, agégẹdú Iyamoye. Ó ti gbé ẹ̀rọ dé ibí lẹ́yìn tí mo ti Àbújá dé. Ó rí irin, ó rí pupa, òun àtàwọn èèyàn ẹ̀ bá sá padà. Ó ní àfi kí òun gbọ́ lẹ́nu ẹni tó ni ín pé kì í ṣe ààlè. Ìdí tí mo ṣe ń bi ọ́ látẹ̀ẹ̀kan nìyẹn."

Fóònù ti ń dún lọ́hùn-ún. Tíṣà wo arère, ó wo bàbá.

"Bàbá, ààlè ni."

"Kí lo wí?"

"Ààlè ni, sà."

"O ṣẹ̀ṣẹ̀ fi Bíbélì búra."

"Mi ò mú un dání, sà."

"Ta ló ni ín?"

"Èmi ni."

"Ó lágbára?"

"Ó lágbára gan-an."

Bàbá na fóònù sí i. "Sọ fún un fúnra rẹ."

"Ẹ̀gbọ́n, okun o. Bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni mo ni ín. Ààlè ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tiẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ kọjá."

Ó gbọ́ tí Olúbọ̀dé ń sọ fún àwọn èèyàn rẹ̀ pé kí wọ́n sọ ẹ̀rọ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Inú Tíṣà dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ igi. Igbó ti bọ́. Ó dá fóònù padà, ó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá, ó lọ ṣa àwo rẹ̀, ó sì tún dúró bí ẹni tó fẹ́ jù ú.

Bàbá rọra di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Kí lo fẹ́ ṣe?"

"Mo fẹ́ jù ú sínú apẹ̀rẹ̀ ni, sà, kí ẹ lè rí bí àwọn àlejò á ṣe máa ṣe é lọ́la."

"Sínú ààlè tó lágbára gan-an," Bàbá sọ, ó sì gba àwo lọ́wọ́ rẹ̀. "Pe àwọn àlejò rẹ, kí wọ́n mú bọ́ọ̀lù dání. Pápá wà níwájú ilé ìwé."