Mo Ná Ìtanràn Bí Ẹni Ná Ọjà

Ọgọ́ta ráńdì ni mò ń ta ìdì irun kan lọ́jọ́ tí kò ní kúrò lọ́kàn mi yẹn. Mo ti bá oníbàárà mẹ́ta jà lórí ráńdì márùn-ún márùn-ún kí n tó ti ìsọ̀, kí n tó sáré dé ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì wo ẹ̀rọ tó dì mọ́ mi lápá, ó tún un wò. Ó ní ẹ̀jẹ̀ mi ń ru, pé bí kò bá wálẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, oògùn àjẹdọjọ́-alẹ́ ló kù. Ó ní kí n lọ pa fóònù, kí n jókòó sábẹ́ igi nínú ọgbà ìgbafẹ́ fún wákàtí méjì. Mo bi í pé èló ni wọ́n ń gbà níbẹ̀. Ó ní ọ̀fẹ́ ni. Ohun ọ̀fẹ́ máa ń fu mí lára, àmọ́ ẹ̀rù oògùn bà mí, ni mo bá wọ táksì lọ sí ọgbà ìjọba kan.

Mo jókòó. Ìdákẹ́jẹ́ ibẹ̀ ń pariwo mọ́ mi létí. Ẹyẹ kan tẹ́nu ẹ̀ gùn ń sọ ilẹ̀, mò ń ṣe kàyéfì ohun tó ń wá. Ibi tí mo ti ń fojú tẹ̀ lé e lojú mi ti bá ewé kan láàárín òdòdó. Odú kì í ṣe àìmọ̀ fún olóko, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àìmọ̀ fún ọmọ olóko tó ń ta irun. Odú tútù yọ̀yọ̀, tẹ́nì kan ò já! Mo tú gèlè, mo tẹ́ ẹ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í já a.

Bàbá ẹ̀ṣọ́ kan ti dúró lẹ́yìn mi. Ó ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ráńdì ni ìtanràn ẹni tó bá já ewé níbẹ̀. Ta ló máa gbọ́ iye nǹkan tí kò ní ná an?

"Ẹ gba ọgọ́rùn-ún."

Bàbá dákẹ́. Lọ́jà tèmi, ẹni tó bá dákẹ́ ń retí àfikún ni. Mo fi àádọ́ta lé e, mo ki owó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ó wò ó bí ẹni tí wọ́n gbé ejò lé lọ́wọ́, ó dá a padà fún mi, ló bá pe ọ̀gá ẹ̀.

Ọ̀gá náà, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan, bi mí bóyá rìbá ni mo fẹ́ fún òṣìṣẹ́ òun. Mo búra pé mo kàn ń ná an ni.

"Màmá, ìtanràn kì í ṣe tòmátò."

Ẹ̀rín sì ń gbọ̀n ọ́n. Ó ní èpò lásán lodú jẹ́ lójú àwọn, nítorí náà kí n yàn: kí n sanwó, tàbí kí n tu gbogbo èpò inú òdòdó yẹn. Ẹ̀yin náà ti mọ èyí tí mo yàn.

Mo tu èpò. Bàbá ẹ̀ṣọ́ jókòó tì mí, ó ń dárúkọ ẹyẹ fún mi, èmi náà ń bi í níbi tí wọ́n ń sùn àti iye ẹyin tí wọ́n ń yé. Ilẹ̀ tutù lábẹ́ èékánná mi. Nígbà tí mo fi máa gbórí sókè, wákàtí mẹ́ta ti lọ, mi ò sì tíì bá ẹnikẹ́ni jà.

Lọ́sẹ̀ kejì, nọ́ọ̀sì ní ẹ̀jẹ̀ ti wálẹ̀, kò sí oògùn. Ó yìn mí pé mo jókòó jẹ́ẹ́. Mi ò jẹ́wọ́. Ohun tí mo kọ́ ni pé àwa kan wà tó jẹ́ pé àfi kí wọ́n fìyà jẹ wa ká tó sinmi. Mo ṣì ń fi ara mi rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín ọ̀hún ń ta mí díẹ̀: oníbàárà kan tó fẹ́ ra ìdì irun méjìlélógún bá ìsọ̀ mi ní títì lọ́jọ́ tí mo lọ tu èpò yẹn, ó lọ rà á lọ́wọ́ ẹni tó múlé tì mí. Èrè tó bọ́ lọ́wọ́ mi jẹ́ ọ̀ọ́dúnrún ráńdì ó lé ọgbọ̀n.