Ṣùkúrù Hú Òdòdó Tó Ń Tanná

Ẹjọ́ kan wọ ààfin Baálẹ̀ wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn èṣí, géńdé méjì ló sì gbé e wọlé. Àmù omi ńlá ni, igi òdòdó kékeré kan wà láàárín rẹ̀ bí ọmọdé tó wọ agbádá bàbá rẹ̀. Àsíátù, opó Abọ́dúnrìn awakọ̀, ń tẹ̀lé wọn tẹkúntẹkún. Ṣùkúrù, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ń bọ̀ lẹ́yìn, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fi joyè.

Baálẹ̀ Ìyápọ̀ wo àmù náà títí.

"Àsíátù, ta ló kú?"

"Òdòdó mi ni, Baba. Abọ́dúnrìn ló rà á fún mi láti Ṣakí, òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn ín sínú ike ọ̀dà. Ọdún mẹ́rin ni mo fi bomi rin ín, kò tanná. Ọkọ mi lọ bá Ọlọ́run, kò rí i. Oṣù yìí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ tanná, pupa fòò! Mo ní kí n lọ sọ́jà Ìràwọ̀. Kí n tó dé, Bàbá Sódìq ti fi àdá la ike, wọ́n ti hú òdòdó mi, wọ́n ti sọ ọ́ sínú àmù. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, gbogbo ìtànná orí ẹ̀ ti wọ́ dànù."

"Ṣùkúrù, ìwọ lo ṣe é?"

"Èmi ni, Baba. Mo sì ń retí kí wọ́n wá dúpẹ́."

"Ọpẹ́ kí ni?"

"Gbòǹgbò rẹ̀ ti yọ jáde nísàlẹ̀ ike. Bí mo bá ti ń kọjá ló máa ń pè mí: 'Bàbá Sódìq, ẹ gbà mí o!'"

Ọ̀tún Baálẹ̀ nasẹ̀. "Òdòdó ló mọ orúkọ ọmọ rẹ?"

"Agboolé kan náà la jọ ń gbé, Baba Ọ̀tún. Kí ni ò ní jẹ́ kó mọ̀ ọ́n?"

"Ta ló kọ́ ọ níṣẹ́ òdòdó?"

"Fóònù ni. Ọkùnrin kan ṣàlàyé ẹ̀ nínú fídíò. Ó ní bí gbòǹgbò bá ti kún inú ike, ká ṣí i lọ sínú ìkòkò tó tóbi jù ú lọ. Mo wo gbogbo ilé yíká, àmù ìyàwó mi ló tóbi jù."

"Ṣé ọkùnrin náà ní ká ṣe é nígbà tó ń tanná?"

Ṣùkúrù wúkọ́. "Dátà mi tán kó tó débẹ̀, Baba."

Gbogbo ààfin bú sẹ́rìn-ín. Àsíátù nìkan ni kò rín.

Ṣùkúrù ní òun ní ẹlẹ́rìí. Ó pe Jẹ́ẹ́dé, télọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dojú kọ agboolé wọn.

"Ojú mi ló ṣe, Baba. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni wọ́n yọ ọ́, bí ẹni ń sọ ọmọ tó sùn kalẹ̀ lẹ́yìn ìyá ẹ̀. A ti kírun Alásárì, oòrùn ti rọ̀."

Àdìjátù, ìyàwó Ṣùkúrù, dìde. Kò sẹ́ni tó pè é.

"Irọ́ ni! A ò tíì kírun Ayílà rárá, oòrùn ń ta yẹ́ríyẹ́rí. Wọ́n fẹsẹ̀ tẹ ike, wọ́n wá ń fà á bí ẹni ń fa ewúrẹ́ jáde nínú oko ẹ̀gẹ́. Nígbà tí kò yọ, wọ́n lọ mú àdá. Nígbà tó wá já, ìdí ni wọ́n fi jókòó sílẹ̀ gbì!"

"Jẹ́ẹ́dé, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lo sọ."

"Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ náà ni wọ́n ṣubú, Baba."

"Àkókò ńkọ́?"

"Aago ṣọ́ọ̀bù mi ti kú láti Iléyá."

Baálẹ̀ yíjú sí obìnrin náà. "Àdìjátù, ọkọ rẹ lo ń jẹ́rìí takò báyìí?"

"Àmù mi ni mò ń jẹ́rìí fún, Baba. Inú kẹ́ẹ̀gì la ti ń mumi láti ọjọ́ náà."

Baálẹ̀ ránṣẹ́ pe Olúwafọlákẹ́mi, tó ń tọ́ òdòdó tà lẹ́bàá ọ̀nà. Ó kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà, ó ti ọwọ́ bọ inú àmù. Ẹrẹ̀ ló fà jáde.

"Baba, gbòǹgbò yìí ti fún mọ́ra lóòótọ́. Ó ti yẹ kí ìyá wa pààrọ̀ ike yẹn tipẹ́. Ṣùgbọ́n a kì í ṣí òdòdó nípò nígbà tó bá ń tanná, torí gbogbo agbára rẹ̀ ló ń ná síbẹ̀. Kí ìtànná wọ́ tán, kí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, kí ewé tuntun yọ, ìgbà yẹn ni. Ìka méjì péré sì ni ìkòkò tuntun gbọdọ̀ fi fẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ. Èyí fẹ̀ jù, kò níhò nídìí, omi sì ti kún un. Yóò jẹrà."

"Ṣé ká tún un hú?"

"Háà, rárá o! Ẹ̀ẹ̀mejì yóò pa á. Ẹ lu ihò sídìí àmù, ẹ gbé e síbòòji, ẹ dẹwọ́ omi títí òjò yóò fi dé."

"Ihò kè?" Àdìjátù káwọ́ lérí. "Ihò nínú àmù mi?"

Baálẹ̀ yíjú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Àsíátù ló ń wò. "Kí ló dé tí o kò pààrọ̀ ike náà láti ọdún mẹ́rin?"

Àsíátù fi gèlè nu ojú.

"Ó fi báírò kọ orúkọ mi sára ẹ̀, Baba. Ọwọ́ ẹ̀ ló gbé e síbi tó wà. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá fọwọ́ kàn án, kò ní sí nǹkan ẹ̀ kan tó kù mọ́."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Ṣùkúrù.

"Mi ò mọ̀," ló sọ. "Mo kàn rí ike ni."

Baálẹ̀ fọwọ́ lu apá àga. "Ṣùkúrù, oúnjẹ wo lo fẹ́ràn jù?"

"Iyán ni, Baba."

"Ó dáa. Ọjọ́ méje gbáko ni ìyàwó rẹ yóò gúnyán fún ọ. Bí o bá ti gbé òkèlè kẹta mì, géńdé méjì yóò gbé ìwọ àti àpótí tí o jókòó lé lọ sí agboolé mìíràn. Iyán kò ní bá ọ lọ. O óò mọ bó ṣe ń rí lára ẹni tó ń jayé orí ẹ̀ lọ́wọ́ tí wọ́n ṣí i nípò."

"Ẹ ṣàánú mi, Baba! Ẹ jẹ́ kó jẹ́ òkèlè kẹfà!"

"Òkèlè kejì."

Ṣùkúrù fọwọ́ bo ẹnu.

"O óò ra àmù mìíràn fún ìyàwó rẹ. Àsíátù, bí òjò bá rọ̀, ìwọ fúnra rẹ ni o óò gbìn ín sínú ìkòkò tó bá a mu. Abọ́dúnrìn kò ra ike fún ọ, òdòdó ló rà. Ṣùkúrù yóò gbé iyẹ̀pẹ̀ fún ọ, ṣùgbọ́n yóò bu omi sẹ́nu láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kó má baà gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn."

Ṣùkúrù sin ìjìyà rẹ̀ pé. Ní ọjọ́ kẹrin, ẹnu ọ̀nà Ìmáàmù ni wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ sí, ọbẹ̀ sì wà ní ìka rẹ̀ síbẹ̀.

Nígbà tí òjò rọ̀, tí ewé kéékèèké yọ, gbogbo wa pé sí agboolé wọn. Àsíátù po ìgbẹ́ ewúrẹ́ gbígbẹ mọ́ yanrìn àti iyẹ̀pẹ̀. Ó fi ìka tú gbòǹgbò náà díẹ̀díẹ̀. Ó gbé e sínú ìkòkò tuntun, ó bẹ̀rẹ̀ sí da iyẹ̀pẹ̀ sí i. Ṣùkúrù dúró tì í, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú fùkẹ̀.

Lójijì ló bẹ̀rẹ̀ sí fò sókè. "Ùm! Ùm! Ùm!" Ó ń nàka sí òdòdó náà. Igi náà wọ́ sápá kan.

Àsíátù wò ó, ó tún un ṣe, igi náà sì nàró ṣánṣán.

"Ẹ ṣé, Bàbá Sódìq."

Ṣùkúrù gbàgbé ara rẹ̀, ó lanu láti dáhùn. Omi tú yàà sórí agbádá Ọ̀tún Baálẹ̀.

Àsíátù bú sẹ́rìn-ín, ó rín títí ó fi jókòó sílẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ lọ́wọ́. A ò gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti kú.

Ọ̀tún fún omi kúrò lára agbádá rẹ̀, ó ní òun ń lọ sáàfin lọ pẹjọ́.