Ẹlẹ́dẹ̀ Olúomi

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó tí ẹ ń jẹ ẹ̀pà mi yìí, ta ló lè sọ fún mi nínú yín, ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé ẹni tó ní omi ò bàjẹ́ la ń kọ́kọ́ bù fún? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn ń pa á kiri ni. Ó dáa, ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Ìlú kan wà tí wọ́n ń pè ní Òkè-Ọsàn. Ìsun kan ṣoṣo ni wọ́n ń pọn níbẹ̀, omi rẹ̀ sì mọ́ débi pé bí abẹ́rẹ́ bá bọ́ sí i, ẹ ó rí i nísàlẹ̀. Ọkùnrin tó ń bójú tó ìsun náà ni wọ́n ń pè ní Olúomi. Ajíbóyè ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ má dán an wò kí ẹ pè é bẹ́ẹ̀. Ó ní ikùn ńlá, ó ní ohùn ńlá, ó ní fìlà ńlá. Ti ọpọlọ, ẹ jẹ́ ká máa bá ìtàn lọ.

Òfin ìsun náà kò ṣòro. Bí omi bá kàn rú, ẹni tó rú u á tọrọ gáfárà, á dúró kí ó tòrò. Bí ó bá dọ̀tí, á gbá ọ̀nà ìsun. Ṣùgbọ́n bí ó bá bàjẹ́, á bọ́ra sílẹ̀, á gbọ́n ìsun náà gbẹ lójú gbogbo ìlú. Bó bá sì jẹ́ ẹran ọ̀sìn rẹ̀ ló bà á jẹ́, wọn á pa ẹran náà jẹ. Ta wá ni yóò sọ èyí tó rú àti èyí tó bàjẹ́? Olúomi náà ni. Ẹ ti ń rẹ́rìn-ín. Ẹ dúró ná.

Opó kan wà nílùú náà, Àjíún, tó ń mọ ìkòkò. Lọ́jọ́ kan, pẹ́pẹ́yẹ rẹ̀ ṣìnà wọ inú ìsun, ó lúwẹ̀ẹ́ díẹ̀, ó jáde. Ìyẹ́ funfun kan ló kù lójú omi. Olúomi dé, ó wo ìyẹ́ náà, ó sì pariwo bí ẹni tó rí òkú.

"Bàjẹ́! Omi ti bàjẹ́!"

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá," ni Àjíún wí, "ìyẹ́ kan péré ni."

"Ìyẹ́ ni ìwọ rí. Ẹ̀gbin ni èmi rí."

Bí Àjíún ṣe gbọ́n ìsun náà nínú oòrùn títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi fẹ́ẹ̀ kán nìyẹn. Olúomi jókòó lábẹ́ igi, ó ń jẹ pẹ́pẹ́yẹ rẹ̀. Itan pẹ́pẹ́yẹ náà ló sì fi ń tọ́ka sí ibi tí kò tíì gbẹ. Ẹ jọ̀ọ́, irú èèyàn wo nìyẹn?

Ṣùgbọ́n Olúomi náà ní ẹran ọ̀sìn. Abo ẹlẹ́dẹ̀ ni, ó sanra bí àmù, Ìyálóde ló sì sọ ọ́. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn mú, tí ẹrẹ̀ gbogbo gbẹ, Ìyálóde já okùn, ó kọrí sí ìsun, ó sì pàfọ̀ níbẹ̀ dọ́sàn-án. Àwọn èèyàn sáré lọ pe Olúomi. Ó dé, ó wo omi, ó wo ẹlẹ́dẹ̀, ó wúkọ́.

"Ó rú díẹ̀ ni," ló wí. "Yóò tòrò."

Lọ́jọ́ kejì, Ìyálóde kó àwọn ọmọ rẹ̀ wá. Àwọn ará ìlú ní, "Olúomi, ó ti dọ̀tí o."

"Ẹ ò gbọ́ ìjìnlẹ̀ ọ̀rọ̀," ni ọkùnrin náà dáhùn. "Omi tó dọ̀tí ni èyí tí ìdọ̀tí ti ìta wọ̀. Kí ló wà lára ẹlẹ́dẹ̀ mi? Ẹrẹ̀ ìsun. Ẹrẹ̀ ìsun ló padà sínú ìsun. Rírú nìyẹn."

Nígbà tó yá, Ìyálóde ṣu sínú omi náà, lójú gbogbo wọn, láìkánjú.

"Èyí wá ńkọ́, Bàbá?"

"Èyí? Omi náà lú mọ́ nǹkan ni."

"Kí ló lú mọ́?"

"Nǹkan."

Omi bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Wọ́n tún lọ bá a. Ó ní òórùn kì í ṣe bíbàjẹ́, pé ògìrì ń rùn, wọ́n sì ń jẹ ẹ́. Ẹ gbọ́ irú ìjìnlẹ̀ yẹn o! Bẹ́ẹ̀ odò ẹ̀yìn òkè ni gbogbo ìlú ti ń lọ pọn báyìí, àwọn ìyàwó Olúomi ló sì máa ń ṣáájú lójú ọ̀nà. Kò sí ẹ̀kán omi ìsun kankan nínú àmù ilé rẹ̀. Ó mọ̀. Gbogbo ìlú mọ̀ pé ó mọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá fi lè la ẹnu pe ọ̀rọ̀ náà, á di dandan kí ó sán bàǹtẹ́, kí ikùn ńlá yẹn sì jáde síta. Ọ̀rọ̀ kan péré ni, ó wá há a lọ́fun.

Àṣé Ọlọ́run ń bọ̀. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ bí ọkùnrin, ọmọ-ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ pé, àwọn àna ti ìlú wọn dé. Àṣà Òkè-Ọsàn sì ni pé omi ìsun ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi kan ọmọ lẹ́nu. Ìyálé Olúomi ti bu omi odò sínú àwo kan, ó fẹ́ fi í pamọ́ sábẹ́ aṣọ gbé e wọlé. Kí ó tó dé, Àjíún ti kúnlẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò tuntun.

"Mo bá yín pọn omi ọmọ, Bàbá. Omi ìsun yín ni."

Olúomi ò lè ní òun kò gbà á. Ojú ìlú wà níbẹ̀, ojú àna wà níbẹ̀.

Fádérera, ìyá ìyàwó, ṣí ìkòkò náà. Ó wò ó títí. "Àna mi, ṣé gbẹ̀gìrì lẹ fi ń sọ ọmọ lórúkọ níhìn-ín ni?"

Olúomi dìde, ó tún fìlà dé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Ó ní rírú kì í ṣe dídọ̀tí, dídọ̀tí kì í ṣe bíbàjẹ́, bíbàjẹ́ gan-an kì í ṣe ẹ̀gbin. Ó sọ̀rọ̀ títí ọmọ fi sùn. Fádérera ń mirí, ó ń gbọ́.

"Ẹ ṣeun, Bàbá. Ó rú, kò bàjẹ́?"

"Kò bàjẹ́ rárá."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọmọ kì í ṣáájú bàbá àgbà mu omi. Ìyá oníkòkò, ẹni tó ní omi ò bàjẹ́, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ bù fún."

Àjíún rò ó nísàlẹ̀ kí ó tó bù ú. Ó bu ahá kún bámúbámú. "Ẹ mu ún tán o, Bàbá. Ìsàlẹ̀ ni adùn wà."

Olúomi mu ún. Irun ẹlẹ́dẹ̀ kan há a léyín, ó yọ ọ́, ó nù ún mọ́ ẹsẹ̀ àga. "Ó tutù," ló wí.

"Ẹ bù sí i fún wọn," ni Fádérera wí. "Kí wọ́n bá mi mu tèmi."

Ó mu ti Fádérera. Kò pẹ́ tí ikùn rẹ̀ fi dún, tí ajá tó sùn lẹ́nu ọ̀nà gbé orí sókè. Òógùn bò ó. Wọ́n ti ń gbé ọmọ bọ̀, Àjíún sì ti ki ìka bọ omi. Olúomi wo ìka náà, ó wo ẹnu ọmọ kékeré yẹn. Ó fò dìde, fìlà bọ́ sílẹ̀, ó di ẹ̀yìn ilé.

Ibẹ̀ la ti gbọ́ ohùn rẹ̀, pẹ̀lú àwọn ohùn mìíràn tí n kò ní sọ níwájú oúnjẹ.

"Ẹ má fi kan ọmọ mi lẹ́nu o! Ó ti bàjẹ́! Yéè! Ó ti bàjẹ́!"

Omi odò tí ìyálé fi pamọ́ ni wọ́n fi sọ ọmọ lórúkọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, Olúomi sán bàǹtẹ́, ó ń gbọ́n ìsun. Bó bá gbọ́n díẹ̀, á sáré wọgbó. Bó bá padà, á tún gbọ́n. Àwọn àna rẹ̀ dúró, wọ́n ń wòran. Àjíún jókòó lábẹ́ igi, ó di ẹsẹ̀ Ìyálóde sísun mú, ó ń jẹ ẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó sì ń fi tọ́ka.

"Ó ku ibẹ̀ yẹn díẹ̀, Bàbá."

Nítorí náà, bí ẹ bá rí ẹni ńlá tó dúró ti ohun tó ń rùn, tó ń la ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́ fún yín, ẹ má bá a jiyàn. Ẹ wá ahá. Ẹni tó ní omi ò bàjẹ́ la ń kọ́kọ́ bù fún.